Jíjẹ Ohun Tó Hù Nílẹ̀ Nìkan: Bí A Ṣe Ń Ṣe É Lójoojúmọ́

Ẹni tó bá kàn yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, tí kò fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, ata àti epo ló ń fi òkèlè gbé mì. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ènìyàn ró pẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ báyìí tó rẹ̀ wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n wá ń sọ kiri pé àìjẹran kò bá ara ọmọ Yorùbá mu. Irọ́ gbáà ni. Òkìtì ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lásán ni kò bá ara wọn mu.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ máa jẹ ohun tó hù láti inú ilẹ̀ nìkan, ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní vegan: kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí edé, kò sí ẹyin, kò sí wàrà màlúù, kò sì sí oyin. Mo tún fẹ́ kó jẹ́ oúnjẹ tí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kò tíì bà jẹ́: ẹ̀wà, ewé, èso, ọkà, iṣu, ẹ̀pà. Ẹni tó ń fi búrẹ́dì funfun, bísíkíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò bọ́ ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kò jẹ ẹran lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì jẹun.

Ìbàdàn ni mo ń gbé, nítorí náà ohun tí à ń rí rà ní Bódìjà àti Ọjà Ọba ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tó wà lókè òkun yóò rí tiwọn nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fi ẹ̀wà sí àyè tí ẹran ti kúrò

Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Lójoojúmọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí ohun kan láti inú ẹbí ẹ̀wà wà nínú abọ́ yín: ẹ̀wà olóyin, ẹ̀wà funfun, ẹ̀wà sóyà, òtílí, awùjẹ, tàbí ẹ̀pà. Ife ẹ̀wà sísè kan máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 13 purotéènì nínú. Àgbàlagbà tó wúwo tó kílò 60 nílò nǹkan bíi gíráàmù 48 lóòjọ́. Ẹ wá ṣírò ó: ife ẹ̀wà kan láàárọ̀, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan lọ́sàn-án, gbẹ̀gìrì tàbí wàrà sóyà lálẹ́, kí a tó wá ka èyí tó wà nínú ọkà àti ewé mọ́ ọn. Ó ti tó.

Ọkà àti ẹ̀wà nílò ara wọn. Èròjà kan lára purotéènì tí wọ́n ń pè ní lysine pọ̀ nínú ẹ̀wà, ó sì kéré nínú àgbàdo àti ìrẹsì. Òmíràn, methionine, kò tó nǹkan nínú ẹ̀wà, ọkà ló ní i dáadáa. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn ìyá wa ní ìmọ̀ yìí kí wọ́n tó fi àgbàdo sínú ẹ̀wà kó di àdàlú, kí wọ́n tó fi àkàrà mu ògì, kí wọ́n tó fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ. Kò pọn dandan kí méjèèjì wọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà o. Bí ẹ bá ti jẹ wọ́n láàárín ọjọ́ kan, ara mọ bó ṣe máa tò wọ́n pọ̀.

Ní ti sísè rẹ̀, ẹ ṣa ẹ̀wà dáadáa, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ da omi yẹn nù, ẹ má ṣe fi se é. Inú omi náà ni apá kan lára ohun tó ń mú kí ikùn kún fún afẹ́fẹ́ ti jáde, rírẹ náà sì ń dín ohun tó máa ń di èròjà irin àti síǹkì lọ́wọ́ láti wọ ara kù. Òtílí àti awùjẹ le ju ẹ̀wà olóyin lọ. Tiwọn, ẹ bọ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, kí ẹ tó wá sè wọ́n títí wọn yóò fi rọ̀ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kaún sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń mú ẹ̀wà jinná kíákíá, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́, fítámì yẹn sì wà lára ìdí tí a fi ń jẹ ẹ̀wà. Rírẹ mọ́jú yóò ṣe iṣẹ́ kaún fún yín láìgba nǹkan kan padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò dá. Àwọn oníṣòwò kan ń da oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, NAFDAC sì ti ń kìlọ̀ lórí rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ka èyí sí ju ẹni tó ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Ẹ ní oníbàárà kan tí ẹ mọ̀, tó lè sọ ibi tí ẹ̀wà rẹ̀ ti wá. Bí ẹ bá gbóòórùn tó dà bíi ti kẹ́míkà nígbà tí ẹ tú àpò, ẹ má rà á, bó ti wù kó dára lójú tó. Bí ẹ bá fẹ́ ra púpọ̀ pa mọ́ lásìkò ìkórè, oríṣi àpò olípele mẹ́ta kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ń lò, ọ̀rá méjì nínú, àpò lóde. Bí ẹ bá ti dì í pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò sì kú láìlo oògùn kankan.

Bí ikùn yín kò bá tíì mọ ẹ̀wà lójoojúmọ́, ìdajì ife ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìfun máa ń kọ́ iṣẹ́ tuntun díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti àwo kékeré dé ọpọ́n lọ́jọ́ kan náà ni yóò máa ráhùn pé inú ń run òun.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ṣe wàrà sóyà nílé

Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ẹ̀wà sóyà gbígbẹ tó jẹ́ purotéènì. Kò sí ohun mìíràn tí à ń gbìn nílẹ̀ wa tó rọrùn láti rà tó sì ní tó bẹ́ẹ̀. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ gidi láti kọ́ àwọn ìyálé ilé bí a ṣe ń lò ó nínú oúnjẹ wa, iṣẹ́ wọn sì ti so èso: ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn obìnrin tó ń dín wàrà sóyà, èyí tí àwọn kan ń pè ní bẹ́ẹ̀sìkẹ́, tí àwọn Hausa ń pè ní àwárà. Ṣùgbọ́n ti ilé ló dára jù, torí ẹ ó mọ epo tí wọ́n fi dín in, ẹ sì lè má dín in rárá.

Ẹ rẹ ife sóyà méjì mọ́jú. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú ife omi bíi mẹ́jọ, kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi funfun tó jáde kaná, ẹ dúró tì í, ẹ máa rò ó, torí ó máa ń hó kún ìkòkò láìrò tẹ́lẹ̀. Bó bá ti hó, ẹ jẹ́ kó wà lórí iná díẹ̀díẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí sóyà tí kò jinná ní ohun kan nínú tó ń dí ara lọ́wọ́ láti lo purotéènì rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún bíi wàrà, ẹ bu tiyín kúrò níbí yìí.

Èyí tó kù, ẹ da omi ògì kíkan sí i díẹ̀díẹ̀, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má rò ó púpọ̀ mọ́. Ẹ ó rí i tí yóò máa dì, tí omi rẹ̀ yóò sì máa já. Ẹ dà á sínú aṣọ, ẹ so ó, kí ẹ fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ fi iyọ̀, atalẹ̀, ààyù àti ata gígún pa á lára, ẹ lè yan án lórí iná èédú tàbí kí ẹ jù ú sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Nínú ọbẹ̀ ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù, torí ó máa ń mu adùn ọbẹ̀ sára. Ẹ má da èérí tó kù nínú aṣọ nù o. Ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ kí ẹ fi ṣe mọ́ínmọ́ín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ewé, ewé, ewé

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe aláìní ewé jíjẹ. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú, ewúro, ẹ̀bọ̀lọ̀, wọ̀rọ̀wọ́, ọ̀dú, amúnútutù, ìṣápá, ẹ̀fọ́ Ìyánà Ìpájà, ewé ẹ̀wà, ewé móríńgà. Síbẹ̀ ilé tí wọ́n ti ń jẹ ṣọkọ àti ewédú nìkan láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ pọ̀. Ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ohun tí ọ̀kan kò ní, òmíràn ní i, iye owó wọn náà sì máa ń yàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí náà èyí tó pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ rà.

Ní ti bíbọ̀: tẹ̀tẹ̀ ní ohun kan nínú tó ń so kásíọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ara má baà rí i lò dáadáa, bíbọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sì ń mú díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ewúro náà nílò fífọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bọ ṣọkọ títí tó fi rọ̀, tó tún fún un gbẹ bí aṣọ, fítámì ló ń dà sínú gọ́tà. Ìṣẹ́jú kan ti tó. Gbúre àti amúnútutù kò tilẹ̀ nílò bíbọ̀ rárá, ẹ rẹ́ wọn sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀fọ́ Ìyánà Ìpájà nìkan ni mo ní ìkìlọ̀ lé lórí: ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù láé, ẹ má sì lọ̀ ọ́ mu. Májèlé wà nínú rẹ̀ tí iná nìkan ló ń lé jáde. Ẹ sè é fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó ti di oúnjẹ gidi nìyẹn.

Bí ẹ bá ní ààyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tàbí àpò sìmẹ́ńtì tó ti ṣófo, ẹ kún un ní ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà, kí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ẹ ti ń já nínú rẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí owó ẹ̀fọ́ bá gun òkè, inú yín yóò dùn pé ẹ ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ dá adùn padà sínú ọbẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹran ni àwọn ń ṣàárò, oríṣi adùn kan ni, bí èyí tí ẹja gbígbẹ àti edé máa ń fi sínú ọbẹ̀. Irú ni yóò dá a padà. Nínú igi igba ni wọ́n ti ń kó èso rẹ̀, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń bò ó títí yóò fi kẹ̀ ní ọ̀nà tó dára, kò sì sí ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú rẹ̀. Ẹ má fi owó kékeré ra irú. Ṣíbí ìjẹun méjì fún ìkòkò ọbẹ̀ tí ènìyàn mẹ́rin máa jẹ kò pọ̀ jù. Irú wóró dára fún ẹ̀fọ́ àti ọbẹ̀ ayamáṣe; irú pẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ lò fún ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ògìrì náà dára nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò nìkan ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀.

Dípò edé, ẹ sá olú kí ó gbẹ tó bá ń ṣẹ́ kánkán, kí ẹ lọ̀ ọ́ lúbúlúbú pa mọ́ sínú ìgò. Ṣíbí kan nínú ọbẹ̀ ilá, ẹni tí ẹ kò bá sọ fún kò ní mọ̀. Olú tútù náà ni mo ń lò níbi tí ẹlòmíràn ti ń lo ẹran. Èyí tí wọ́n ń gbìn ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ rà lọ́wọ́ ìyá tó ti ń tà á láti ọdún pípẹ́. Ẹni tí kò mọ olú dénú kò gbọ́dọ̀ lọ wá a nígbó, torí olú tó ń pani wà.

Mágì ńkọ́? Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní ohun tó ti ara adìẹ, màlúù tàbí edé wá nínú. Bí irú bá pé, tí àlùbọ́sà pọ̀, tí a sì yan tàtàṣé kí a tó lọ̀ ọ́, ọbẹ̀ kò ní béèrè mágì.

Bí mo ṣe ń se ẹ̀fọ́ elégúsí nìyí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ gbé àlùbọ́sà rírẹ́ kaná pẹ̀lú epo pupa ṣíbí méjì péré. Ẹ da irú wóró sí i títí òórùn rẹ̀ yóò fi kún ilé. Ẹ da ata lílọ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ fi omi po ẹ̀gúsí lílọ̀ ife kan kó ki, kí ẹ máa fi ọwọ́ jù ú sínú ata náà ní kóro kóro, ẹ má rò ó, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀gúsí yóò dì bí ẹyin. Ẹ wá da olú tàbí wàrà sóyà sí i, lẹ́yìn náà ẹ̀fọ́, iyọ̀ díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀ ní epo tó pọ̀ nínú, ìdí nìyẹn tí epo ṣíbí méjì fi tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Òkèlè àti ọkà

Ẹ̀bà kò burú, ṣùgbọ́n purotéènì inú gàrí kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ alejò nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi àmàlà iṣu, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu sísè, kókò, ànàmọ́ àti ọkà bàbà ṣe onílé. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọn kò bó funfun ní ohun tó pọ̀ nínú ju ìrẹsì dídán lọ. Bí ẹ bá ń ṣe ògì fúnra yín, ẹ fi ọkà bàbà tàbí jéró kún àgbàdo rẹ̀, kí ẹ má sì sẹ́ ẹ kúnná jù, torí inú èérí tí à ń dà fún ewúrẹ́ ni ọ̀pọ̀ ohun rere wà. Kíkan ògì náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń tú èròjà irin àti síǹkì sílẹ̀ fún ara.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ̀pà, yánmọtí, àsálà

Ẹ̀kúnwọ́ kan lóòjọ́. Yánmọtí tí a kò bó ní kásíọ́ọ̀mù púpọ̀. Ẹ yan án, ẹ gún un, ẹ máa wọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́ tàbí sínú ògì. Kájú àti ẹ̀gúsí ní síǹkì. Ṣùgbọ́n àsálà ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Oríṣi ọ̀rá kan wà tí ọpọlọ àti ọkàn nílò, ómégà-3, tí àwọn ẹlẹ́ja máa ń sọ pé ẹja nìkan ló ní i. Epo inú àsálà kún fún oríṣi èyí tó ń ti ara irúgbìn wá. Àwọn èso tí àwọn òyìnbó ń rà lówó gọbọi nítorí èròjà yìí kò sàn ju àsálà tí wọ́n ń sè tà lójú títì lásìkò òjò lọ. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ tí ẹ mu omi lé e, yóò korò lẹ́nu. Gbogbo wa ló mọ ìyẹn, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Èso, àti àsìkò tí à ń jẹ ẹ́

Èròjà irin inú ẹ̀wà àti ewé kì í wọ ara bíi ti ẹran. Fítámì C ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Nítorí náà ẹ má fi èso pa mọ́ di àárín òru. Bí ẹ bá jẹ ẹ̀wà tán, ẹ jẹ ọsàn, gúrọ́fà, ìbẹ́pẹ tàbí àgbálùmọ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Gúrọ́fà ju ọsàn lọ fíìfíì nínú fítámì C. Tíì àti kọfí ń ṣe òdìkejì, wọ́n ń di èròjà irin lọ́nà, torí náà ẹ jẹ́ kí wákàtí kan kọjá lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu wọ́n. Àwọn obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù ni mo ń bá wí jù níbí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Fítámì B12, èyí tí kò sí àwíjàre fún

Kò sí ewé, kò sí ẹ̀wà, kò sí irú, kò sí olú tó lè fún yín ní fítámì B12 tó ṣeé gbára lé. Àwọn kòkòrò tíntìntín ló ń ṣe é, inú ẹran, ẹyin àti wàrà ni ènìyàn ti máa ń rí i. Ẹni tó bá ti fi àwọn yẹn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lo ti oníhóró. Ẹ̀dọ̀ máa ń pa á mọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò lò ó fi lè máa yangàn ní ọdún àkọ́kọ́ pé kò ṣe òun ní nǹkan kan. Nígbà tó bá tán, ẹ̀jẹ̀ yóò dín kù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò máa ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn, ènìyàn yóò máa gbàgbé nǹkan. Ewé tí à ń jẹ púpọ̀ tún lè bo àìsàn ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí iṣan ìmọ̀lára máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìsí àmì nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́, apá kan nínú rẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò.

Ẹ yan ọ̀kan: hóró tó ní máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́, tàbí èyí tó ní 2,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ ra á nílé oògùn tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní fítámì B pupa tàbí olómi ọsàn olówó pọ́ọ́kú tí à ń lò láti kékeré pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní B12 rárá. Ẹ wo ara ike náà: ọ̀rọ̀ cyanocobalamin tàbí methylcobalamin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀.

Ní ti áyódìn, iyọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní Nàìjíríà ti ní i nínú, ẹ kàn máa wo ara ọ̀rá kó dá yín lójú. Ẹ dé e dáadáa, kí ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná. Oòrùn ni yóò fún yín ní fítámì D.

Bí ọjọ́ kan ṣe lè rí

Láàárọ̀, ògì ọkà bàbà pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ewé eéran dì, tí kò ní ẹyin, tí kò ní ẹja. Àlùbọ́sà àti tàtàṣé púpọ̀, àti ẹ̀gúsí lílọ̀ ṣíbí mẹ́ta láti mú un rọ̀. Ìbẹ́pẹ lé e. Lọ́sàn-án, ìrẹsì Ọ̀fàdà àti ẹ̀wà, ọbẹ̀ ata olólú, gbúre. Bí ebi bá ń pani ní ìrọ̀lẹ́, àsálà tàbí ẹ̀pà yíyan pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Lálẹ́, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, wàrà sóyà yíyan mẹ́rin nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àdàlú láàárọ̀, àsáró iṣu tí a se ẹ̀fọ́ sí lọ́sàn-án, ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ elégúsí lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, èkuru àti ata díndín. Ìkọ́kọrẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú náà ń dùn láìsí ẹja bí irú bá wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n ẹ gbé owó ẹran ọ̀sẹ̀ kan ka iwájú, kí ẹ wo iye kóńgò ẹ̀wà tó máa rà.

Kí ó má baà sú yín láti máa se oúnjẹ lójoojúmọ́, ẹ se ẹ̀wà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sínú ike, kí ẹ gbé e sínú fìríìsà. Bí iná kò bá dúró, ẹ̀wà tí ẹ bó tí ẹ sì sá gbẹ lóòrùn kò nílò fìríìsà. Ẹ kàn ń rẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá jáde

Ní búkà, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó: "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé edé wà nínú ẹ̀fọ́ yìí? Ṣé omi ẹran lẹ fi se gbẹ̀gìrì?" Wọn yóò sọ òótọ́ fún yín bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ béèrè. Àkàrà, iṣu sísun, àgbàdo sísè, ẹ̀kọ àti ẹ̀wà àgànyìn ló máa ń rọrùn jù, bí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí edé nínú ata rẹ̀. Búrẹ́dì sábà máa ń ní wàrà tàbí bọ́tà.

Níbi ìnáwó, ẹ jẹun díẹ̀ kúrò nílé. Bí àgbà bá fi ẹran lọ̀ yín, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ pé, "Ẹ ṣeun, Mà. Mi ò kì í jẹ ẹran mọ́." Àwọn èèyàn wa mọ ohun tó ń jẹ́ èèwọ̀, ilé tó ní ohun tí wọn kì í jẹ pọ̀. Àríyànjiyàn ló ń bí wọn nínú. Ẹ má wàásù nídìí abọ́ ẹlòmíràn.

Fún àwọn tó wà lókè òkun

Ẹ̀wà olójú dúdú wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ibi tí ẹ kò ti rí ewédú, ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn ará Íjíbítì tàbí Lébánónì, kí ẹ béèrè molokhia nínú fìríìsà wọn: ewédú gan-an ni. Yánmọtí lílọ̀ ni tahini. Iyọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ní áyódìn, nítorí náà ẹ ra wàrà sóyà olómi tàbí ti oat tí wọ́n ti fi áyódìn, kásíọ́ọ̀mù àti B12 sí, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Ìmọ̀ràn ìjọba níbẹ̀ ni pé kí aláwọ̀ dúdú ronú nípa lílo máíkírógíráàmù 10 fítámì D lójoojúmọ́ yípo ọdún, torí oòrùn wọn kò tó fún wa. Ara irun àgùntàn ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ fítámì D3. Èyí tí wọ́n kọ vegan sí ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá sì dé Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, yóò bá àkàrà wa níbẹ̀, acarajé ni wọ́n ń pè é, inú epo pupa ni wọ́n ti ń dín in. Ẹ sọ pé "sem camarão, sem vatapá, sem caruru", ìyẹn ni pé kí wọ́n má fi edé sí i, kí wọ́n má sì fi vatapá àti caruru, ọbẹ̀ tí edé wà nínú wọn, sí i.

Aboyún, ọmọdé, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Aboyún àti ìyá ọlọ́mọ kò gbọ́dọ̀ dá èyí ṣe lẹ́yìn nọ́ọ̀sì. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń jẹ fún wọn, ẹ lo hóró èròjà irin àti folic acid tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí B12 wọ́n yín lọ́jọ́ kan, torí ọmọ inú àti ọmọ ọmú ń gba tiwọn lára yín. Ikùn ọmọdé kéré, ewé àti èérí tètè ń kún un; ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀, píà àti yánmọtí kún ògì rẹ̀ kí agbára tó wà níbẹ̀ lè tó o, kí ẹ sì máa gbé e lọ fún wíwọ̀n déédéé. Bí kò bá wúwo sí i bó ṣe yẹ, ẹ má dúró dé oṣù tó ń bọ̀ kí ẹ tó rí dókítà.

Ní ti àgbàlagbà, lẹ́yìn ọdún kan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo iye ẹ̀jẹ̀ yín, iye irin tí ara pa mọ́ tí wọ́n ń pè ní ferritin, àti B12. Bí irin bá kéré, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ iye hóró tí ẹ máa lò, ẹ má ra á fúnra yín, torí irin àpọ̀jù náà ń ṣe ara léṣe. Bí B12 ló bá lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá a padà, lẹ́yìn náà ẹ ó máa bá hóró yín lọ.